Igbe Lọ́yà Nínú Ọgbà Omi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi irọ́ kan bora, ó sì tó gẹ́ẹ́. Bí mi ò bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí báyìí, ọmọ mi obìnrin ni yóò máa jìyà rẹ̀ lọ, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọgbà omi ló kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé kí n kọ ojú ewé mélòó kan sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe lé ẹyẹ kúrò nínú ọgbà láìpa ọ̀kan, láìṣe ọ̀kan léṣe. Wọ́n pè mí ní ẹni tó fi àánú ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn, mo yọ awò ojú mi, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì jókòó títí tíì mi fi tutù. Ara mi le, dókítà ní mo ṣì máa pẹ́ láyé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ikú ló ń lé mi sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá nílé ọmọ mi ló lé mi, màá sì dé ibẹ̀. Ọmọ mi ò gba etí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún un, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sì fẹ́ tún un ṣe kó tó pẹ́ jù. Òun ni yóò kọ́kọ́ ka ìwé yìí kí ẹgbẹ́ tó rí i.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa lé ẹyẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni àgbàlagbà tó ń gbowó oṣù nítorí pé ó ń bá ẹyẹ jà. Ọgbà náà ní adágún mẹ́rin, ti àwọn ọmọ kéékèèké kò ju ìbàdí wọn lọ, ó sì ní páìpù ńlá aláwọ̀ búlúù tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí kí omi gbé wọn yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Orí ilé gogoro onírin ni páìpù náà ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ilé gogoro ni yàrá ẹ̀rọ tó ń fa omi wà, ibẹ̀ ni mo ń kó irinṣẹ́ mi sí. Ní apá kejì ni ilé oúnjẹ, pẹ̀lú tábìlì bí ọgbọ̀n níta gbangba, ibẹ̀ sì ni ogun ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Kannakánná ló ń dà wá láàmú. Wọ́n á já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n á gbé e lọ rẹ sínú adágún kó lè rọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì ṣu síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Lẹ́nu géètì, ọ̀gá wa kọ ọ́ gàdàgbà pé a kì í pa ẹyẹ níbí, a kì í sì í ṣe wọ́n léṣe. Òfin ni, ọ̀gá sì fẹ́ràn òfin yẹn torí pé àwọn ìyá tó ń kó ọmọ wá fẹ́ràn rẹ̀.

Mo gbìyànjú, kí n má parọ́ mọ́ ara mi. Mo na àwọ̀n sórí òrùlé ilé oúnjẹ. Mo ta wáyà tín-ín-rín sí etí òrùlé kí wọ́n má rí ibi bà sí. Mo so rìbọ́nì tó ń dán mọ́ àwọn igi, mo sì gbé àṣá onírọ́bà kọ́ sórí òpó. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rù àṣá yẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá ọ̀kan tó jókòó sí i lẹ́yìn bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo wà tí mo mọ̀ pé ó dájú: kí a máa bo ike ìdọ̀tí, kí a máa palẹ̀ oúnjẹ mọ́ lórí tábìlì bí àwọn tó jẹun bá ṣe ń dìde, kí a sì máa gbálẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹyẹ tí kò bá rí nǹkan jẹ kò níí dúró. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tó wà nílé oúnjẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi ni mo máa wá bá àwọn gbá a ni. Ojú tì mí, mi ò sọ ọ́ mọ́. Ẹ wo bí ohun tó fa gbogbo èyí ṣe kéré tó, ìtìjú ọ̀sán kan péré.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, wolé-wolé wá bẹ ọgbà wò. Obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó bu omi adágún àwọn ọmọdé sínú ìgò, ó wo ìgbẹ́ ẹyẹ tó gbẹ mọ́ etí rẹ̀, ó sì fún ọ̀gá ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí òun bá tún padà wá bá a bẹ́ẹ̀, òun á ti ọgbà náà pa. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti ra ẹ̀rọ kan láti òkè òkun, àpótí kékeré tó ní sípíkà, tó ń ké bí ẹyẹ tí nǹkan ń pa lára. Àwọn tó ṣe é ní ẹyẹ tó bá gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀ á sá kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹyẹ kankan. Mo gbé e gun orí ilé gogoro, mo dè é mọ́ irin, mo tàn án. Àwọn kannakánná wá, wọ́n bà sórí sípíkà gan-an, wọ́n ń yẹ orí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn lédè tí kò yé e. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo wá ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹyẹ ilẹ̀ yín kò bá dá igbe yìí mọ̀, kí ẹ fi ti ẹyẹ ilẹ̀ yín rọ́pò rẹ̀. Wọn ò kọ bí a ṣe máa rí i gbà. Mo mú ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Ó kà á, ó pa á dé, ó ní, “Mi ò fẹ́ mọ bó o ṣe máa ṣe é. Ṣáà má jẹ́ kí n rí òkú ẹyẹ nínú ọgbà mi.” Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún ara mi pé òun ló rán mi. Kò rán mi. Ojú ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ.

Kannakánná gbọ́n, wọ́n sì máa ń dá ojú èèyàn mọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dẹ pańpẹ́ kí n lè mú ọ̀kan, kí n gba igbe rẹ̀ sílẹ̀, mo fi búrẹ́dì sínú rẹ̀. Wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á wo búrẹ́dì, wọ́n á wo èmi. Kò sí ọ̀kan tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó kù nínú èyí tí wolé-wolé dá ti di mẹ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo délé, tí mo bá Lọ́yà lójú fèrèsé ilé ìdáná wa, tòun ti ọmọ mi, wọ́n jọ ń jẹ èèpo búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Lọ́yà jẹ́. Kannakánná lòun náà. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló rí i he lábẹ́ igi kan ládùúgbò wa lẹ́yìn tí ìjì kan jà. Kò tíì hu ìyẹ́. Ó tẹ́ ẹ sínú páálí bàtà, ó ń fi búrẹ́dì tó rẹ sínú omi àti ẹyin sísè bọ́ ọ títí ó fi gbó. Nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ yọ, tó dúdú, tó wá funfun lọ́rùn àti láyà, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́yà rèé, ó tilẹ̀ ń jiyàn bíi tiwọn. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Láràárọ̀ ló máa ń fò tẹ̀lé ọmọ náà dé ìparí àdúgbò bó bá ń lọ síléèwé, ọ̀sán ló ń padà sójú fèrèsé. Tí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, èjìká mi ló ń bà sí, á máa fi ẹnu fa etí mi. Bí ebi bá ń pa á, ó ní ohùn kúkúrú méjì kan, kọ́ọ̀-kọ́ọ̀, àwa mẹ́ta nìkan ló ń ké e sí. Yàrá yòówù kí ọmọ mi wà, tó bá ti gbọ́ ọ, á dáhùn. Kò sẹ́ni tó ṣe Lọ́yà níkà rí látìgbà tí ó ti dáyé, nítorí náà kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ṣeé bẹ̀rù.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ọmọ mi wà níléèwé, ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń ránṣọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo na ọwọ́, Lọ́yà bà lé e. Mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sínú páálí, kò tilẹ̀ jà. Nígbà tí mo gbé e dé yàrá ẹ̀rọ nínú ọgbà, mo ti ilẹ̀kùn, mo pa ẹ̀rọ omi kí ariwo rẹ̀ má bàa wọnú ohun tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀, mo wá tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Mo kọ́kọ́ dì í mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, bóyá ìyẹn á tó. Ó rò pé eré ni. Ó wo ojú mi, ó ní kọ́ọ̀-kọ́ọ̀, ó ń tọrọ oúnjẹ. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú àánú á dúró níbẹ̀. Èmi wo aago, mo rántí wolé-wolé, mo rántí pé bí wọ́n bá ti ọgbà pa, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Mo fa ìyẹ́ kan tu lára rẹ̀. Ó ké, àmọ́ kí igbe yẹn tó parí, ó ti tún padà sí kọ́ọ̀-kọ́ọ̀, bí ẹni ń bi mí pé kí ló dé. Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló gùn nínú ẹ̀rọ, apá rẹ̀ sì ti kán kí igbe tí mo ń wá tó jáde. Bó ṣe jáde, irun ara mi dìde, mo sì sọ ọ́ síta pé, “Èyí ló dáa.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọnú ẹ̀rọ, mo ní láti gé e kúrò.

Mo ní in lọ́kàn pé màá gbé e lọ sílé, màá ní ológbò ló mú un, a ó jọ tọ́jú rẹ̀. Kí ó tó di aago kan, ó ti kú nínú páálí. Mo sun ún pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ọgbà. Nígbà tí ọmọ mi ti iléèwé dé, mo sọ fún un pé Lọ́yà ti bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ, pé ẹyẹ tó bá ti dàgbà kì í gbé ilé èèyàn. Ó bi mí bóyá ó dàgbére. Mo ní ó dàgbére. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń dúró lójú fèrèsé, tó ń ké kọ́ọ̀-kọ́ọ̀ síta, kó tó jáwọ́.

Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni mo yàn nínú gbogbo ìṣẹ́jú méjìdínlógún yẹn. Àárín igbe méjì tó le jù ni kọ́ọ̀-kọ́ọ̀ náà bọ́ sí. Bí mo bá gé e, gbogbo rẹ̀ á já. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A tàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn kannakánná ti ọ̀nà gbogbo dé, wọ́n á tó ọgọ́ta, wọ́n ń yí ilé gogoro po láìpariwo. Mi ò rí i kí kannakánná dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí lọ. A tò ó kí ó máa ké ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹyọ kan mọ́. Wolé-wolé dé, ó fi ìka nu etí adágún, ó wo ìka náà, ó lọ. Ọ̀gá sọ fún àwọn oníròyìn pé ìyẹ́ ẹyọ kan kò já bọ́ lára ẹyẹ kankan. Ọgbà márùn-ún mìíràn gba igbe náà lọ́wọ́ wa, ẹgbẹ́ sì fún mi ní àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi ló ń bá mi nu eruku orí rẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni ọgbà fún ọmọ òṣìṣẹ́. Oṣù méjì ni mo fi wá àwáwí kí ọmọ mi má bàa wá: omi ti tutù jù, ó ń wúkọ́, iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ pọ̀. Lóṣù kẹta, ìyàwó mi ní àwáwí mi ti sú òun, ó fúnra rẹ̀ mú un wá lẹ́yìn tí mo ti jáde nílé. Orí òrùlé ilé oúnjẹ ni mo wà, mo ń tún wáyà ta, nígbà tí mo rí fìlà pupa rẹ̀ nínú adágún. Mo wo aago, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ̀rọ ké. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá Onífèrè kọjá. Bàbá yìí ni olùṣọ́ adágún, ẹ̀gbọ́n gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́. Fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi tó bá ń jẹun. Òun ló kọ́ ọmọ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó béèrè ohun tó ń lé mi, mo ń sáré lọ. Mi ò tíì dé ẹsẹ̀ ilé gogoro tí igbe náà fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó kù ń ṣeré wọn lọ. Ọmọ mi nìkan ló dúró gbọnin nínú omi, ó gbójú sókè. Ó bá mi níbi tí mo wà, omi ń kán lára rẹ̀, ó ní, “Bàbá, Lọ́yà ni. Ó ń pè wá. Ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe pè wá ni?” Mo ní ẹ̀rọ òkè òkun ni. Ó ní ẹ̀rọ ò lè mọ bí Lọ́yà ṣe ń pe òun. Mo jágbe mọ́ ọn níṣojú gbogbo èèyàn pé kó pa ẹnu mọ́. Mi ò jágbe mọ́ ọn rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mo ṣí géètì tó wà lẹ́sẹ̀ àkàbà irin tó lọ síbi ẹ̀rọ, tó yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn àwọn tó ń lọ jókòó sí páìpù, mo gun òkè, mo pa ẹ̀rọ. Èmi àti Bàbá Onífèrè nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù kó tó pẹ́, ó ní kí ló dé tí ẹ̀rọ kú, kannakánná méjì ti ń yí orí ilé oúnjẹ po, àwọn oníbàárà sì kún fọ́fọ́. Mo tún un tàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá kí n lè wá ìyàwó mi, kó mú ọmọ lọ sílé kí ẹ̀rọ tó tún ké. Nínú ìkánjú yẹn, mi ò ti géètì. Mo mọ̀ dájú pé mi ò tì í, nítorí pé àgádágodo rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ń wá ìyàwó mi ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ nígbà tí mo gbọ́ igbe náà lórí ilé gogoro, tí fèrè Bàbá sì tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta, kíkankíkan. Ọmọ mi ti gun àkàbà lọ. Ó fẹ́ lọ tú Lọ́yà sílẹ̀. Igbe náà bá a lókè pátápátá, ó na ọwọ́ kan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù sì yọ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀rọ ló bọ́ lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá, ọwọ́ rẹ̀ kan dá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Bàbá Onífèrè ti gbé e mọ́ra, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sunkún. Ó ń ké kọ́ọ̀-kọ́ọ̀ sókè, ó ń dá a lóhùn.

Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó gbé e lọ, mo fà sẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú kan, mo sì fi àgádágodo náà ti géètì padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, èmi ń ti géètì. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Ó bi mí bóyá mo tì í lẹ́yìn tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní mo tì í. Bàbá Onífèrè yíjú sí mi, ó ní, “Àbúrò, ṣé ó dá ẹ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Kò bá mi jiyàn. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fi lé orí tábìlì ọ̀gá, ó sì lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò nínú iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ni mo burú dé, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Nílé ìwòsàn, lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Kò sunkún ẹsẹ̀, kò sunkún ọwọ́. Á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Lọ́yà kọ́ ni?” Mo búra fún un pé Lọ́yà kọ́. Ìyá rẹ̀ náà bá a sọ ọ́, ó ní bàbá rẹ kì í parọ́, ìwọ náà mọ̀. Kò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dúró lórí ohun tó gbọ́ bí àgbà. Ẹ̀rù bà mí pé yóò sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, pé ẹnìkan yóò lọ fetí sí ogójì ìṣẹ́jú àáyá yẹn dáadáa. Ni mo bá ní kí wọ́n bá mi yẹ etí rẹ̀ wò. Dókítà etí yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó pè mí síta, ó fún mi ní ìwé, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe etí ọmọ yìí, pé ó tilẹ̀ ń gbọ́ràn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò. Mo padà wọlé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ rẹ̀ tí kò dá mú, mo sì sọ fún un pé dókítà ní àìsàn kan wà létí rẹ̀, pé yóò máa gbọ́ ohun tí kò sí. Mo ní kò le, kó ṣáà máa bi ẹlòmíì léèrè kó tó gba ohun tó bá gbọ́ gbọ́. Ó béèrè bóyá àìsàn náà yóò lọ. Mo ní kì í lọ. Ó wá ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti dà yín láàmú.” Ọmọ náà bẹ̀ mí. Mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mo ní kò burú.

Ó ṣe bí mo ṣe wí. Níléèwé, bí olùkọ́ bá pe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ, á wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó kọ tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, á béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó kọ́kọ́ yíjú sí ọkùnrin náà, ó bi í pé kí ni wọ́n wí. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ti kú báyìí, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọkọ òun kì í parọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ kí wọn nílé. Èmi àti òun jókòó sí pálọ̀, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ oṣù méje, ń sùn nínú yàrá. Ariwo ẹ̀rọ omi ti jẹ etí mi láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí kò bá pariwo sí mi, mi ò gbọ́ ọ. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló dákẹ́, ó yẹ orí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?” Mo ní mi ò gbọ́. Òótọ́ ni, mi ò gbọ́. Ó ti fẹ́ dìde, ó tún jókòó padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní etí òun tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bó ṣe di apá àga mú. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó gba inú yàrá lọ kí ọmọ. Ohùn tó fi pè wá kò ṣeé gbàgbé. Okùn kọ́tìnì ló wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti ń dúdú. Ó já okùn náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà wà láàyè, ara rẹ̀ sì ti le. Àmọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó ilé ìwòsàn ni pé, “Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo rò pé etí mi ni.” Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò rí ẹnu sọ ọ́ níbẹ̀. Ojo ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá Bàbá Onífèrè. Ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, mo ní àgádágodo náà wà lápò mi. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Ó ní òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ó pé bóyá lóòótọ́ òun ló gbàgbé láti ti géètì. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ọmọ. Mo ní rárá. Ó ní, “Dìde, lọ sọ fún un ná. Ọ̀rọ̀ tèmi lè dúró.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ bo ike ìdọ̀tí. Ẹ máa gbálẹ̀. Bí àwọn onílé oúnjẹ bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ sì béèrè ibi tí ohun tí wọ́n bá pè ní àánú ti wá kí ẹ tó tàn án. Mo ti kọ̀wé sí ọgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí wọ́n pa igbe yẹn rẹ́. Méjì ti dáhùn pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé àwọn ò rí ìdí. Mo bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n bá mi dá sí i, kí wọ́n sì wá gba àmì ẹ̀yẹ wọn.

Ìwọ ọmọ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú ìdáríjì báyìí. Bí o bá ní o ò fẹ́ rí mi mọ́, o jàre. Mo pa Lọ́yà, mo sì fi ọ́ ṣe alárùn tí kò lárùn. Ìwé dókítà etí náà ni mo so mọ́ ẹ̀yìn èyí, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mú un lọ fún dókítà èyíkéyìí tó bá wù ọ́, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́. Ohun tí o gbọ́ nínú adágún lọ́jọ́ yẹn, Lọ́yà ni. Ohun tí o gbọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ rẹ ni. Tó bá tún ké, má bi mí, má bi ẹnikẹ́ni. Dìde, kí o lọ gbé e.